Ta Ni Yóò San Án Bí Olówó Bá Lọ?

"Owó ara rẹ̀ ló ń ná. Kí ló kan ẹnikẹ́ni níbẹ̀?"

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà gùdù lọ́kàn mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló sọ ọ́ ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí a máa ń lọ ní Lágere, lọ́jọ́ tí ìròyìn kàn pé gbèsè ti wọ Sheffield Wednesday, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rùn, pé àwọn alábòójútó tí òfin yàn ti gba àkóso ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì ti yọ póíǹtì 12 lára tiwọn. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi dé orí òfin ìnáwó tó de àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí ní Premier League. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní ọ̀tá tálákà ni òfin náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tiẹ̀ wò ó. Olówó rí ẹgbẹ́ kékeré, ó fẹ́ fi owó rẹ̀ gbé e sókè, wọ́n ní kó má ná an. Báwo ni ẹni tó wà nísàlẹ̀ ṣe máa wá dé òkè?"

Ọ̀rọ̀ tó sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbésọnù. Mélòó nínú wa ní Ifẹ̀ ni kò mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé ọmọ ìlú kan tó lówó ló san owó ilé ìwé fún un, tàbí tó fún un lówó tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò? A máa ń kí irú olówó bẹ́ẹ̀, a máa ń gbàdúrà fún un. Nígbà náà, kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ ná owó sórí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú kékeré kan fi di ẹni tí òfin ń dí lọ́nà? Mo rò ó títí. Mo ka ohun tí òfin náà sọ gan-an, mo sì rí i pé ìdáhùn wà níbẹ̀, àmọ́ mi ò tíì mọ bí màá ṣe sọ ọ́ kó yé ẹlòmíràn.

Ohun tó wà nínú òfin náà

Ní Championship, ìpele tó tẹ̀ lé Premier League, wọ́n gba ẹgbẹ́ láàyè láti pàdánù mílíọ̀nù pọ́ùn 39 láàárín sáà mẹ́ta. Iye yìí ni gbogbo èèyàn máa ń dárúkọ. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé mílíọ̀nù 15 péré ni ẹgbẹ́ lè pàdánù bí ẹnikẹ́ni kò bá dìde fún un. Kó tó lè kọjá ibẹ̀, olówó ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ mú owó tirẹ̀ wá, kó fi ra ìpín sí i nínú ẹgbẹ́. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló yá wọn lówó náà, wọn kò ní kà á.

Ní League One àti League Two, ìpele méjì tó tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdíwọ̀n mìíràn ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó tó ń lọ sórí àwọn agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ ju ìdá 60 nínú 100 owó tó ń wọlé lọ ní League One, tàbí ìdá 50 nínú 100 ní League Two. Níbẹ̀ náà, bí olówó bá fi owó ta ẹgbẹ́ lọ́rẹ, wọ́n á kà á mọ́ owó tó wọlé. Bó bá jẹ́ gbèsè ló kọ sí wọn lọ́rùn, kò sí nínú ìṣirò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àwọn ẹgbẹ́ dìbò láti gbé òfin mìíràn kalẹ̀: iye kan náà fún gbogbo ẹgbẹ́, mílíọ̀nù pọ́ùn 2.5 lọ́dún fún owó oṣù ní League One, mílíọ̀nù 1.5 ní League Two. Ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù pe ẹjọ́, nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 2021, ìgbìmọ̀ onílàjà fagi lé e. Lójú tèmi, ó yẹ kó wó. Sunderland wà ní League One nígbà yẹn, ẹgbẹ́ tí nǹkan bí 30,000 èèyàn máa ń wá wò ní pápá rẹ̀, Accrington Stanley sì wà níbẹ̀ tí kì í rí ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ lọ. Báwo ni a ṣe máa fún àwọn méjèèjì ní ìdíwọ̀n kan náà? Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́. Òfin tó wo ohun tó ń wọ àpò ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló bá ọgbọ́n mu.

Ìpàdé kan ní Mọ̀ọ́rè

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn àríyànjiyàn Lágere, a ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Mọ̀ọ́rè. Ẹni tó bá wà nínú irú ẹgbẹ́ yìí mọ òfin rẹ̀: ìlọ́po méjì ohun tí o ti fi pamọ́ ni o lè yá. Ọkùnrin kan nínú wa, oníṣòwò símẹ́ńtì, béèrè fún ìlọ́po márùn-ún. Ó fẹ́ kó ọjà rẹpẹtẹ kó tó di pé owó símẹ́ńtì gun òkè sí i.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni. Òun ló ra àga tí a jókòó lé lórí níbi ìpàdé náà. Ìgbà tí òkú ọ̀kan nínú wa wà nílẹ̀ tí àwọn ẹbí kò rí owó kó jọ, òun ló dìde. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ti ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, kódà alága ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Akápò wa ni kò gbà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, màmá ni fún gbogbo wa.

"Màmá, ẹ mọ̀ mí," ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀. "Ọjọ́ wo ni mo yá owó ẹgbẹ́ yìí tí mi ò dá a padà?"

"A mọ̀ yín, Bàbá Ìbejì. Ẹ ò jẹ wá rí. Ẹ ní owó kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín láti Èkó, àbí?"

"Ó ń bọ̀, Màmá. Lágbára Ọlọ́run, kó tó di oṣù tó ń bọ̀."

"Ó dáa. Bó bá dé, ẹ fi sínú ìfowópamọ́ yín. Lọ́jọ́ tó bá ti wọlé, ìlọ́po méjì rẹ̀ ti di tiyín, èmi fúnra mi ni màá kọ ọ́. Èyí tó wà nínú ìwé mi ni mo lè yá yín lé lórí. Èyí tó ń bọ̀ láti Èkó, mi ò tíì rí i."

Inú ọkùnrin náà kò dùn. Ó ní ṣé a ò fọkàn tán òun ni. Màmá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa. "Mo fọkàn tán yín. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Tìtun ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó wà níbí. Bí nǹkan kan bá ṣe yín lọ́nà Èkó, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ta ni wọ́n máa lọ bá?"

Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e, torí Hillsborough, pápá Sheffield Wednesday, ni ọkàn mi ti wà. Ohun tí Màmá sọ fún oníṣòwò símẹ́ńtì ni òfin ń sọ fún olówó bọ́ọ̀lù: mú owó náà wọlé kí o tó fi ṣe ìlérí fún ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tó ní kó má ṣe ẹ̀bùn. Gbèsè tó ń kọ sórúkọ ẹgbẹ́, ìlérí tó ń fi orúkọ ẹgbẹ́ ṣe, ni òfin ń dí.

Ìwé ọdún mẹ́rin, owó oṣù kan

Ohun tó ń pa ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀ kò ṣòro láti rí bí èèyàn bá wo déètì tó wà lórí ìwé. Agbábọ́ọ̀lù á fọwọ́ síwèé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Owó olówó, oṣù oṣù ló ń wọlé. Lọ́jọ́ tí òwò rẹ̀ bá dojú rú, tàbí tí bọ́ọ̀lù bá sú u, ó lè dáwọ́ dúró kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé agbábọ́ọ̀lù kò lè dáwọ́ dúró, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣì kù níbẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ ló sì wà lórí rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: lẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù, ẹni tó ń gé koríko wà níbẹ̀, ẹni tó ń se oúnjẹ, ẹni tó ń fọ aṣọ, àti oníṣòwò àdúgbò tó gbé ọjà fún ẹgbẹ́ láwìn.

Ní Sheffield Wednesday, owó oṣù pẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún 2025 kí nǹkan tó bàjẹ́ pátápátá. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ti ta pápá rẹ̀, Hillsborough, fún ẹni tó ni ín, ní nǹkan bí mílíọ̀nù pọ́ùn 60, kí ìṣirò àdánù lè dínkù nínú ìwé. Derby County náà ta pápá tiwọn fún olówó tiwọn, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 80. Èèyàn kan náà ló ń tà tó ń rà, agbábọ́ọ̀lù kan ò wọlé, tíkẹ́ẹ̀tì kan ò tà sí i, àmọ́ ìwé ní èrè wà. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, Derby bọ́ sọ́wọ́ àwọn alábòójútó. Póíǹtì 21 ni wọ́n yọ lára wọn ní sáà yẹn, wọ́n sì já sí League One.

Ọ̀ràn Bury ló dùn mí jù. Ìlú kékeré kan ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, ẹgbẹ́ wọn sì ti gba ife FA lọ́dún 1900 àti 1903. Olówó kan ná owó tí agbára ẹgbẹ́ kò ká, wọ́n fi pápá Gigg Lane dúró fún gbèsè. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, ó ta ẹgbẹ́ náà fún ẹlòmíràn ní pọ́ùn kan ṣoṣo. Nígbà tí sáà yẹn parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò rí owó oṣù wọn gbà ti gbé ẹgbẹ́ náà gòkè láti League Two. Ẹ fojú inú wò ó: ayọ̀ ìgòkè, tí ẹni tó mú un wá kò rówó ilé san. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn ará ìlú kó ìgbálẹ̀ àti omi, wọ́n lọ fọ àga Gigg Lane, torí wọ́n gbà pé bí ẹni tó fẹ́ rà á bá dé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ máa wáyé. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà, líìgì yọ Bury kúrò, lẹ́yìn ọdún 125 tí wọ́n ti wà níbẹ̀.

Òfin tí mo ń gbèjà rẹ̀ yìí wà nílẹ̀ nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Wọ́n kọ òfin, wọn kò ṣọ́ ọ. Wọn kò yẹ àpò ẹni tó fẹ́ fi pọ́ùn kan ra ẹgbẹ́ wò kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi rí i bí ohun tó ti pẹ́ jù, àmọ́ tó dára, pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ìṣàkóso bọ́ọ̀lù lọ́dún 2025, tí wọ́n fi dá àjọ olómìnira sílẹ̀ láti máa ṣàyẹ̀wò ẹni tó ni ẹgbẹ́ àti ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Lágere sì tún jàre níbì kan. Ẹgbẹ́ tó bá já láti Premier League máa ń gba owó ìtura: ìdá 55 nínú 100 ìpín owó tẹlifíṣọ̀n tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń pín dọ́gba lọ́dún kìíní, ìdá 45 lọ́dún kejì, ìdá 20 lọ́dún kẹta bí wọ́n bá ti lò ju sáà kan lọ níbẹ̀. Bí òfin bá ní kí olúkúlùkù ná ìwọ̀n ohun tó ń wọlé fún un, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já ti ju àwọn yòókù lọ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ibi tí a ti ń pín owó ni kí a lọ bá wọn jà.

Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Láti sáà 2016, Premier League ti fi pọ́ùn 30 ṣe òpin owó tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ tó wá ṣe àlejò. Nísàlẹ̀, kò sí irú òpin bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ gan-an ni owó géètì ti ń gbé ilé ró, torí owó tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, bí olówó bá ná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹgbẹ̀rún díẹ̀ kan náà tó ń wá ní gbogbo Sátidé ló máa gbé ẹrù náà. Ọdún pọ̀ tí àwọn ará Sheffield fi ń ráhùn pé tíkẹ́ẹ̀tì Hillsborough ti wọ́n jù.

Ní oṣù kẹwàá yẹn, wọ́n kọ̀ láti wọlé. Nǹkan bí 7,000 èèyàn péré ló wà nínú pápá ńlá náà nígbà tí Middlesbrough wá bá wọn. Lọ́sẹ̀ kan náà, bí olówó ṣe kúrò lórí àkóso, wọ́n ya padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ra aṣọ, torí wọ́n mọ̀ pé owó tí àwọn bá san báyìí ló máa jẹ́ kí iná ẹgbẹ́ wà ní títàn. Ẹ rántí Charlton náà, lọ́dún 2016, nígbà tí Ademola Lookman tiwa ṣì wà níbẹ̀: àwọn alátìlẹ́yìn ju ẹlẹ́dẹ̀ oníke sórí pápá láti fi bá olówó ẹgbẹ́ wọn wí. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀.

Ní Exeter City, àwọn alátìlẹ́yìn fúnra wọn ló ni ẹgbẹ́ láti ọdún 2003. Wọn kò lówó, nítorí náà wọ́n ń tọ́ ọmọ. Ollie Watkins tí ẹ ń rí ní Aston Villa, ọwọ́ wọn ló ti jáde. Wọ́n tà á fún Brentford lọ́dún 2017, wọ́n sì fi sínú ìwé pé bí Brentford bá tà á, àwọn á gba nínú èrè. Nígbà tí Villa rà á lọ́dún 2020, owó tún dé Exeter. Owó yẹn ti wọlé kí wọ́n tó ná an.

Nílé wa níbí

Èmi ò lè ka gbogbo èyí kí n má rántí Leventis United. Ẹgbẹ́ Ìbàdàn ni, ilé iṣẹ́ Leventis ló ń bọ́ wọn. Wọ́n gba Challenge Cup lọ́dún 1984, wọ́n dé àṣekágbá ife Áfíríkà kan lọ́dún 1985, wọ́n gba líìgì àti Challenge Cup pọ̀ lọ́dún 1986. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà ní ó tó gẹ́ẹ́, ẹgbẹ́ sì pòórá. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife lọ́dún 1985 àti 1987, àwọn náà kò sí mọ́. Ọkàn tó dára ni wọ́n fi ná owó náà, mi ò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi ọmọ ogún ọdún kan ní Ìbàdàn nípa Leventis United, kí ẹ gbọ́ èsì.

Lónìí, ìjọba ìpínlẹ̀ ló dípò irú olówó bẹ́ẹ̀. Láti Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, ẹni tó bá fẹ́ rí bọ́ọ̀lù líìgì lójúkojú, Òṣogbo ló máa lọ wo Osun United, tàbí kó lọ sí Adamásingbà ní Ìbàdàn lọ wo 3SC, ìyẹn Shooting Stars. Ìjọba ló ń bọ́ àwọn méjèèjì. 3SC, ẹgbẹ́ tó ti gba ife Áfíríkà lọ́dún 1976, já kúrò ní ìpele àkọ́kọ́ lọ́dún 2017, ọdún 2021 ló tó padà. Gómìnà kan fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, èyí tó tẹ̀ lé e lè má fẹ́ràn rẹ̀. Owó oṣù agbábọ́ọ̀lù wá di ọ̀rọ̀ ẹni tó wọlé ìbò. Torí pé owó géètì kò sì ní ohun tó ń yí padà, kò sí ẹni tó rò pé òun jẹ àwọn tó wá wòran ní àlàyé kankan.

Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ni àwọn èèyàn máa ń fi dá mi lóhùn, wọ́n sì jàre. Olówó kan ló ni wọ́n, Kúnlé Ṣónámè, wọ́n sì gba líìgì lọ́dún 2025. Àmọ́ ẹ wo ohun tó fi owó rẹ̀ ṣe. Ó kọ́ pápá, ó dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Wọ́n já, wọ́n tún gòkè, ilé ṣì dúró. Bó bá tilẹ̀ sinmi lọ́la, pápá náà kò ní bá a lọ.

Ọdọọdún ni mo ń gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ dá ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Ifẹ̀, tàbí pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní òkè òkun fẹ́ gbé ọ̀kan dìde ní Iléṣà. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìwé báńkì tó fi hàn pé owó oṣù sáà kan ti wà nílẹ̀, lórúkọ ẹgbẹ́, kí agbábọ́ọ̀lù kan tó fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn náà, kí a má ṣe sọ géètì di ọ̀fẹ́. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kí àgbàlagbà san nǹkan kékeré, iye tí a ń san ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, kí a sì lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri géètì ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Iléṣà ní kò sí ẹni tó máa san, pé ebi ń pa àwọn èèyàn. Mo ní kó lọ ka orí àwọn tó ń sanwó wọ ilé ìwòran lọ́jọ́ tí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó ní Arsenal yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò sí ẹnì kankan ní London tó máa gbọ́ ohun tí a bá sọ ní Ìṣọ̀kùn tàbí ní Lágere nípa bí wọ́n ṣe ń ná owó yẹn. Ẹgbẹ́ tó bá wà níbí, a lè lọ dúró níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí a ní kí akápò jáde wá.